Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọba Condé: Ìyàwó Yín Ńkọ́?

Sí Louis de Bourbon, Ọmọba Condé kẹrin,
Ààfin Chantilly, ilẹ̀ Faransé.

Ọmọba,

Mo kí yín bí a ṣe ń kí ọmọ ọba tó tún jẹ́ balógun. Láti 1686 ni ẹ ti papò dà, mo sì mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ìtàn yín wà láàyè, àwọn tó ń kà á náà wà láàyè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ní gbangba. Ẹjọ́ ìyàwó yín ni mo gbé wá, Claire-Clémence de Maillé-Brézé. Ẹ̀yin tí ẹ yọ idà sí ọba yín, ẹ rí ìdáríjì gbà. Òun tó gbé odindi ìlú dìde nítorí yín, àhámọ́ ló kú sí. Mo ti ka àwáwí oríṣiríṣi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

N kò wá láti bu ọlá yín kù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1643, ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ọba Louis Kẹtàlá ti kú ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́rin ló wà lórí ìtẹ́, àwọn ará Sípéènì sì ti dó ti Rocroi lẹ́bàá igbó Ardennes. Àwọn àgbà ogun tí wọ́n fi tì yín pé kí wọ́n máa tọ́ yín sọ́nà ní kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Bossuet sọ níbi ìsìnkú yín pé níṣe ni wọ́n jí yín lójú oorun àsùnwọra ní òwúrọ̀ ìjà náà. Ẹ̀yin àti ọ̀gágun Gassion kó àwọn ẹlẹ́ṣin apá ọ̀tún, ẹ fọ́ apá òsì ọ̀tá yángá. Ní apá òsì tiyín, ọ̀tá ló ń lé àwọn èèyàn yín kiri. Balógun mìíràn ì bá máa lé àwọn tó ti ṣẹ́gun lọ, kó lọ kó ìkógun. Ẹ̀yin yí ìjánu ẹṣin padà, ẹ gba ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Sípéènì kọjá, ẹ sì já lu àwọn ẹlẹ́ṣin wọn tó kù láti ibi tí wọn kò fojú sí. Ó wá ku àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn tí gbogbo Yúróòpù ń gbọ̀n fún, wọ́n kóra jọ pọ̀ gírígírí, Fontaine ọ̀gá wọn arúgbó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń gbé e kiri nítorí oríkèé tó ń ro ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kọlù wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá yín padà, kí wọ́n tó wó. Fontaine kú síbẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún sí i, Freiburg, Nördlingen, Dunkirk àti Lens ti wọ orúkọ yín. Ẹni tó bá ní ẹ kì í ṣe akọni, kò ka ìwé.

Ṣùgbọ́n kí Rocroi tó dé ni ìgbéyàwó ti dé. Ní oṣù Kejì 1641, bàbá yín fi yín wá ojúrere Kádínà Richelieu, olórí òjíṣẹ́ ọba, ó fẹ́ ọmọ àbúrò Kádínà náà fún yín. Ọmọ náà kò ju ọdún 13 lọ. Marthe du Vigean ló wà lọ́kàn yín, gbogbo ààfin ló mọ̀. Níbi ijó tí wọ́n ṣe, wọ́n gbé bàtà gíga wọ̀ fún Claire-Clémence kó lè ga bí àgbà, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbàgà níbi tó ti ń jó, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé wọ́n fipá mú ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n ẹ ti di ọkùnrin tó ń lọ sójú ogun, òun ṣì ń fi bèbí ṣeré. Bí Richelieu ṣe kú ní ìparí 1642, ni ẹ ti ń wá ọ̀nà tí ẹ fi máa lé e lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn Rocroi, ó bí Henri-Jules fún yín, àrólé ilé Condé.

Ní 1646, ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun orí omi kú sójú ìjà ní Orbetello. Kíá lẹ ti ní kí ọbabìnrin gbé ipò ẹ̀gbọ́n náà fún yín, nígbà tí wọ́n kọ̀, ẹ gbé e sínú. Ẹ fẹ́ jogún ẹ̀gbọ́n, ẹ kò fẹ́ àbúrò.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀tẹ̀. Fronde, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀tẹ̀ náà, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó orí ló bí i. Ogun ọlọ́dún gbọọrọ ti gbẹ àpò ìjọba, Kádínà Mazarin tó gba ipò Richelieu ń fi gbogbo ọ̀nà wá owó, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Paris sì ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i mọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1648, tí wọ́n ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ogun Lens tí ẹ jà, ni ìjọba yàn láti mú adájọ́ arúgbó kan, Broussel. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ará Paris ti fi ẹ̀wọ̀n irin, àgbá ọtí àti òkúta dí ojú pópó. Ta ló wá gba ọba kékeré àti ìyá rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Ẹ dó ti Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ 1649 títí tí ìlú fi gbà láti jókòó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí lẹ wá sọ ara yín di ẹni tí ìjọba jẹ ní gbèsè tí kò lè san tán. Ẹ ń béèrè ipò fún ọ̀rẹ́, ìlú olódi fún àna, ẹ sì ń fi Mazarin ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Àgbẹ̀ tí owó orí ń pa kò sí nínú ohun tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ bínú. Mo fẹ́ sọ èyí kó yé àwọn ọ̀dọ́ wa tó máa ń gbọ́ "ọlọ̀tẹ̀" tí orí wọn á wú, tí wọ́n á rò pé gbogbo ẹni tó bá gbógun ti ọba, ará ìlú ló ń jà fún. Ìgbéraga ọlọ́lá tí wọ́n kò fún ní gbogbo ohun tó fẹ́ ni ọ̀tẹ̀ tiyín.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1650, Ọbabìnrin Anne, ìyá ọba, ní kí wọ́n mú yín ní Palais-Royal, ẹ̀yin, Conti àbúrò yín, àti Longueville ọkọ ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n kó yín lọ sí ilé ìṣọ́ Vincennes. Ibẹ̀ lẹ wà nígbà tí apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yín ṣẹlẹ̀, ẹ kò sì sí nínú rẹ̀.

Chantilly ni Claire-Clémence wà pẹ̀lú ìyá yín. Ní oṣù Kẹrin, oníṣẹ́ ọba dé láti kó wọn lọ síbi tí ojú ìjọba á ti tó wọn. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan nínú àwọn tó ń bá a gbé, Gerbier lórúkọ rẹ̀, gun orí ibùsùn rẹ̀, ó ń ṣe bí aláìsàn, oníṣẹ́ náà sì rò pé ìyàwó Condé lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ní òru, ọmọ ọdún 22 yìí di ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde nínú òkùnkùn lọ bá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń dúró dè wọ́n, ó di odi Montrond, láti ibẹ̀ wọ́n dorí kọ gúúsù títí wọ́n fi wọ Bordeaux ní ìparí oṣù Karùn-ún.

Ilé ẹjọ́ gíga Bordeaux ló lọ tààrà. Ó ń sunkún, ó ní kí wọ́n gba òun àti ọmọ òun là. Ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún méje, kúnlẹ̀ síwájú àwọn adájọ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bàbá fún òun, nítorí Mazarin ti gba bàbá òun lọ́wọ́ òun. Ìlú gbà wọ́n. Àwọn ọlọ́lá méjì, Bouillon àti La Rochefoucauld, kó ọmọ ogun wọn tì í lẹ́yìn. Ìjọba náà kó ogun wá, wọ́n gbé ọba kékeré fúnra rẹ̀ dání kí ará Bordeaux lè mọ̀ pé ọba gan-an ni wọ́n ń dojú ìjà kọ. Ẹnu ibodè Dijeaux ni ìjà ti le jù. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ odi níbẹ̀ lábẹ́ ìbọn, tọkùnrin tobìnrin ló ń rù ú, Claire-Clémence àti àwọn obìnrin rẹ̀ sì gbé apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ bí gbogbo ará ìlú. Ẹni tí ààfin fi rẹ́rìn-ín nítorí bàtà gíga nìyẹn o!

Bordeaux dúró títí di àsìkò ìkórè èso àjàrà. Ìlú tó jẹ́ pé ọtí àjàrà ni oúnjẹ rẹ̀, bí èso bá pọ́n tí kò rẹ́ni ká a, ọdún tó ń bọ̀ ti bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, wọ́n bá ọba ṣàdéhùn. Wọ́n jẹ́ kí Claire-Clémence jáde láìfara pa, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ọbabìnrin Anne, ó tọrọ òmìnira yín. Wọn kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí orúkọ yín máa dún nígbà tí àwọn ọ̀tá yín fẹ́ kí ilé ìṣọ́ gbé e mì.

Wọ́n ní ẹ̀yin ń bomi rin òdòdó ní Vincennes nígbà náà, ẹ sì sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín pé ta ló lè rò ó láé pé ẹ̀yin á máa rin òdòdó, ìyàwó yín á máa jagun. Ẹ mọ̀, Ọmọba. Ẹ mọ ohun tó ṣe. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an nìyẹn, nítorí ẹ kò lè sọ pé ẹ kò gbọ́.

Ní oṣù Kejì 1651, Mazarin fúnra rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún yín ní Le Havre, níbi tí wọ́n kó yín lọ lẹ́yìn Vincennes. Kí ọdún náà tó parí, ẹ ti tún dìde ogun, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yin àti ọba Sípéènì ti jọ tọwọ́ bọ̀wé, àwọn kan náà tí ẹ fọ́ ní Rocroi. Claire-Clémence padà sí Bordeaux fún yín. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1652, Turenne, balógun ọba, há yín mọ́ ẹnubodè Saint-Antoine ní Paris. Mademoiselle de Montpensier, ọmọ àbúrò bàbá ọba, ló ní kí wọ́n ṣí ibodè fún yín, tí wọ́n sì yin àgbá láti odi Bastille lu ọmọ ogun ọba. Ó kọ bó ṣe rí yín lọ́jọ́ náà sílẹ̀: eruku nípọn lójú yín, irun yín rí wúruwùru, ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀wù yín bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò fara gbọgbẹ́, ojú ìbọn kún ẹ̀wù irin yín, idà wà lọ́wọ́ yín láìsí àkọ̀, àkọ̀ ti sọnù sójú ìjà. Ẹ jókòó, ẹ bú sẹ́kún, ẹ ní gbogbo ọ̀rẹ́ yín ti tán. Mo ka ibẹ̀ léraléra, torí ó fi hàn pé ọkàn yín kì í ṣe òkúta. Ẹ lè sunkún èèyàn.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó fi koríko gbígbẹ há fìlà láti fi hàn pé tiyín làwọn ń ṣe, sun ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú Paris, wọ́n sì pa àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Paris kò fẹ́ yín mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ bá Sípéènì lọ. Ní 1654, ilé ẹjọ́ gíga dá yín lẹ́jọ́ ikú, wọ́n gba oyè àti orúkọ Bourbon lọ́wọ́ yín. Bordeaux ti túúbá fún ọba ní 1653, ìyàwó yín sì ti kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ bá yín nílẹ̀ Flanders, ó bá yín jẹ ìyà àtìpó títí ó fi parí. Ẹ ṣẹ́gun Faransé ní Valenciennes ní 1656. Turenne ṣẹ́gun yín létí òkun Dunkirk ní 1658. Àdéhùn àlàáfíà Pyrenees tí wọ́n ṣe ní 1659 ló mú yín padà wálé.

Ní oṣù Kìíní 1660, ní Aix, ẹ kúnlẹ̀ síwájú ọba tí ẹ bá jagun fún ọdún mẹ́jọ. Ó gbé yín dìde. Ó dá oyè padà, ó dá Chantilly padà. Nígbà tó yá, ó dá ogun pàápàá padà lé yín lọ́wọ́: ẹ gba ilẹ̀ Franche-Comté fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ní 1668, ọta bà yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń sọdá odò Rhine ní 1672, ẹ ja ìjà àjàkú-akátá ní Seneffe ní 1674. N kò bínú sí ìdáríjì yẹn. Ó wúlò fún Faransé, ó sì yẹ ọba tó fi í fún yín.

Ìgbà wo ló wá kan Claire-Clémence?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1671, nílé yín ní Paris, ọmọ ọ̀dọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ ìjà nínú yàrá rẹ̀, ẹnì kan tó ti sìn ín rí tó ń jẹ́ Duval, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Rabutin. Wọ́n yọ idà. Ó bọ́ sáàárín wọn pé kó là wọ́n, idà gún un láyà. Ẹni tí wọ́n gún ni ààfin wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé tí ọmọ ọ̀dọ̀ fi ń jà nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n rán Duval lọ sẹ́rú ọkọ̀ ojú omi. Rabutin sá lọ sílẹ̀ òkèèrè, ó sì di ọ̀gágun ńlá níbẹ̀. Ẹ̀yin gba ìwé àṣẹ ọba, ìwé tí kì í ní ẹjọ́ nínú, ẹ fi ní kí wọ́n mú ìyàwó yín lọ sí ilé olódi Châteauroux. Kí ó tó lọ, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún Henri-Jules. Nígbà tó fẹ́ kí ọmọ náà pé ó dìgbóṣe, ó dákú.

Oṣù Kẹrin ọdún kan náà lẹ gba ọba, Louis Kẹrìnlá, lálejò ní Chantilly. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀rọ̀ Vatel, olùdarí àsè yín, tó rò pé ẹja tí òun ní kí wọ́n kó wá kò ní tó, tó tìlẹ̀kùn yàrá mọ́ra, tó fi idà gún ara rẹ̀, tí ẹja sì ń wọlé bọ̀ láti gbogbo èbúté nígbà tó ń kú lọ. Wọ́n ń dárò rẹ̀ títí dòní, ó sì yẹ kí wọ́n dárò rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí iná ń tàn lójú omi Chantilly lálẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìyàwó ilé wà ní Châteauroux, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ta ló béèrè rẹ̀ nídìí àsè?

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ tún lò. Lẹ́yìn 1675 ẹ fi ogun sílẹ̀, oríkèé ń ro ẹ̀yin náà bó ṣe ro Fontaine. Le Nôtre ti tún ọgbà yín ṣe, àwọn òǹkọ̀wé Racine àti Boileau ń wá jókòó tì yín, La Bruyère ń kọ́ ọmọ-ọmọ yín níwèé. Ní 1686 ẹ gbọ́ pé ìgbóná ń ṣe ìyàwó ọmọ-ọmọ yín ní Fontainebleau, ẹ kò wo ti ara yín tí kò yá, ẹ lọ tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ lẹ sì kú sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Àánú wà nínú yín. Ẹ kàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó gbẹ́mìí mì, ẹ kọ̀wé sí ọba. Ẹ jẹ́wọ́ pé ìwà tí ẹ hù láàárín ayé yín kò dáa. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dárí ji Conti, ọmọ àbúrò yín tó ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọba gbà. Mademoiselle de Montpensier, ẹni tó yin àgbá nítorí yín, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ tún bẹ ọba pé kó má ṣe jẹ́ kí ìyàwó yín kúrò ní Châteauroux láé, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà dun òun. Henri-Jules, ọmọ tó kúnlẹ̀ ní Bordeaux, pa àṣẹ yẹn mọ́. Ó tó ọdún méje lé sí i kí Claire-Clémence tó kú níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1694. Ọdún 23 ló lò láìjáde.

Ọmọ kan náà ló ní kí ayàwòrán Michel Corneille ya yín fún ògiri Chantilly. Nínú àwòrán náà, ẹ ń ṣẹ́wọ́ sí Òkìkí pé kó má fun kàkàkí, Ìtàn sì ń fa ewé ya nínú ìwé ayé yín, àwọn ewé ọdún tí ẹ fi sin Sípéènì. Ó dáa kéèyàn tijú ohun tó yẹ kó tì í lójú. Ṣùgbọ́n ìtìjú yín, Ọmọba, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ tijú pé ẹ ṣẹ ọba. Sí obìnrin tó ru iyẹ̀pẹ̀ nítorí yín, n kò rí ìtìjú kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ ìtàn Condé Ńlá fún ọmọ rẹ̀, fún kíláàsì rẹ̀, tàbí fún àlejò tó wá wo Chantilly, kó sọ ti Rocroi, kó sọ ti Lens, kó sì sọ ti Bordeaux 1650 pẹ̀lú orúkọ ẹni tó jà á. Kó sọ Châteauroux náà.

Èmi ni,
Òǹkàwé ìtàn yín kan.